Àkọsílẹ̀ Ohun Àtijọ́ Inú Ṣọ́ọ̀ṣì: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá

Bí a bá ti dé ṣọ́ọ̀ṣì kan pẹ̀lú téèpù, ìwé àti tọ́ọ̀ṣì, ìbéèrè kan náà ni à ń bá pàdé lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ìmúra àlùfáà. A kó wọn jọ síbí kí ẹnu lè sinmi. Ìdáhùn kan gùn, òmíràn kò ju ìlà méjì lọ; bí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe rí lára wa nìyẹn.

Kí lẹ wá ń ṣe gan-an?

A wá wo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín, ká sì kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ife Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, agogo, àga Bíṣọ́ọ̀bù, ọpọ́n ìsàmì, aṣọ pẹpẹ, òkúta ìrántí ara ògiri, Bíbélì ńlá tó wà lórí ère ẹyẹ idì onídẹ, àsíá ẹgbẹ́, títí dé àpótí ọrẹ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti sọnù. A fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, bó ṣe tóbi tó, ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀, ẹni tó ṣe é, ẹni tó fi ta ìjọ lọ́rẹ, ọdún tó dé, àti ibi tó wà lónìí. A ó ya fọ́tò rẹ̀, a ó sì dá a padà síbi tí a ti gbé e.

A ò wá díyelé e. A ò wá rà á. Ìdí tí a fi ń sọ èyí kíákíá ni pé a ti rí bí ojú àwọn wọ́dìn, àwọn alámòójútó ohun ìní ìjọ, ṣe máa ń yí padà tí a bá ní ká wo fàdákà.

Ìwé ohun ìní ìjọ wà lọ́wọ́ wa. Kí lẹ tún fẹ́ kọ?

Ẹ jẹ́ ká ṣí ìwé náà wò. Ohun tí a sábà ń bá níbẹ̀ rèé: “Ife fàdákà, 2. Agogo, 1. Àga, 60. Àwòrán, 3.” Ó tó fún wọ́dìn tuntun tó ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá jí ife méjèèjì gbé, tó sì ra méjì mìíràn ní ọjà Balógun fi rọ́pò wọn, ìwé yín á ṣì pé géérégé. Méjì ṣáà ni.

Tiwa máa ń rí báyìí (àpẹẹrẹ lásán ni o): “Ife fàdákà kan. Gíga rẹ̀ sẹ̀ntímítà 21, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 9. Wọ́n fín àgbélébùú sí ìdí rẹ̀. Lápá òsì àgbélébùú náà, ibì kan tẹ̀ wọnú, ó tó èékánná àtàǹpàkò. Òǹtẹ̀ mẹ́rin wà nísàlẹ̀ etí rẹ̀. Lábẹ́ ìdí, wọ́n kọ orúkọ obìnrin kan àti ‘ní ìrántí ọkọ mi’.” Ibi tó tẹ̀ wọnú yẹn gan-an ni ká mú ní pàtàkì. Ẹgbẹ̀rún ife ni ilé iṣẹ́ kan lè ṣe jáde tí ojú gbogbo wọn á jọra, ṣùgbọ́n méjì kì í ṣubú sílẹ̀ lọ́nà kan náà. Àbùkù ara nǹkan ni ilà ojú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má tọrọ gáfárà pé nǹkan yín ti fọ́ létí.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí?

Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ti rí i. Ẹgbẹ́ olólùfẹ́ iṣẹ́ ọnà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1968, National Association of Decorative and Fine Arts Societies. Láti 2017 ni wọ́n ti ń jẹ́ The Arts Society. Láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́kọ̀ọ̀kan láti kọ ohun tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sanwó fún wọn. Púpọ̀ nínú wọn ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo lè gbà wọ́n ju ọdún kan lọ, nítorí wọn kì í fo ohunkóhun: igi lọ́tọ̀, òkúta lọ́tọ̀, irin àti idẹ àti fàdákà lọ́tọ̀, aṣọ lọ́tọ̀, gíláàsì aláràbarà lọ́tọ̀, àwòrán, ìwé, ohun ìrántí òkú, àti “ìyókù”. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á fún ìjọ náà ní ẹ̀dà kan, wọ́n á sì fi òmíràn ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìpamọ́, títí kan ilé ìkàwé mùsíọ́mù Victoria and Albert ní London.

Òfin tún ń tì wọ́n lẹ́yìn níbẹ̀. Láti 1991 ni òfin Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ di dandan fún wọ́dìn pé kí wọ́n máa tọ́jú ìwé ohun ìní ìjọ, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn ò sì gbọdọ̀ kàn tajà tàbí yọ nǹkan pàtàkì kúrò láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ dáyósíìsì. Ẹ̀yin ará wa tó ń jọ́sìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ní Peckham tàbí Hackney ní London, ẹ bi àlùfáà yín léèrè. Ó ṣeé ṣe kí ìwé bẹ́ẹ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn yín gan-an.

Ṣùgbọ́n a kò gbé ọ̀nà wọn bó ṣe wà. Nínú ìpín wọn, ibo ni ìlù máa bọ́ sí? Ibo ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tàbí aṣọ òkè tí wọ́n fi rán aṣọ àlùfáà? “Ìyókù” kò bójú mu fún ìlù tó ti ń gbé orin ìkórè fún ọgọ́ta ọdún. A ya ìpín tiwọn sọ́tọ̀ fún wọn. A tún ya ojú ewé sọ́tọ̀ fún ìtàn ẹnu, nítorí níhìn-ín, ẹnu ni ìwé wà.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í ṣe Aké. Kí ló wà níbẹ̀ tó yẹ kí èèyàn kọ?

Ìbéèrè yìí là ń gbọ́ jù, òun náà ló sì ń dùn wá jù.

Lóòótọ́, ṣọ́ọ̀ṣì Aké ní Abẹ́òkúta ní orúkọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1843 ni Henry Townsend kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta. Ní 1846 ni òun àti Samuel Àjàyí Crowther wá tẹ̀ dó síbẹ̀. Ìbàdàn ní Kúdẹtì, níbi tí David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna dé ní 1853. Èkó ní kàtídírà tó wà ní Marina, tí wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1925 tí wọn kò sì parí rẹ̀ títí di 1946. Àwọn ibi wọ̀nyí kì í ṣaláìní ẹni tó máa kọ nípa wọn.

Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré tó wà lẹ́yìn oko kòkó ni kò ní ẹni tó máa kọ tirẹ̀. Tí a bá sì wọ ibẹ̀, ohun tí à ń bá máa ń yà wá lẹ́nu. Dùùrù tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó wọnú rẹ̀, tí eku ti jẹ awọ rẹ̀. Fìtílà gáàsì tí wọ́n fi ń ṣe ìsìn àìsùn kí iná mànàmáná tó dé. Pátákó nọ́ńbà orin. Fọ́tò ẹgbẹ́ akọrin níbi tí gbogbo ọkùnrin ti wọ súpílíìsì, tí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn sì wọ bàtà. Bíbélì Yorùbá tí ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀ ti já. Ẹ rántí pé 1884 ni Bíbélì odindi kọ́kọ́ jáde lédè wa, nítorí náà, kí ẹ tó ní àgbà ìwé ni tiyín, ẹ jẹ́ ká wá ọdún tó wà nínú rẹ̀. Ìwé ìsàmì tí wọ́n kọ iṣẹ́ bàbá ọmọ sí: àgbẹ̀, alágbẹ̀dẹ, onílù, ọdẹ.

Àwọn ìjọ Aládúrà náà kò gbọdọ̀ ro ara wọn pin. Láti 1925 ni Kérúbù àti Séráfù ti wà. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Agogo ọwọ́ tí wọ́n fi ń pe àdúrà, ọ̀pá wòlíì, sútánà tí olùdásílẹ̀ ẹ̀ka yín wọ̀, àsíá ìjáde, wọ́n ti di ohun àtijọ́ nígbà tí ẹ ò wo ibẹ̀.

Ẹ rántí igi Àgíà ní Àgbádárìgì, níbi tí wọ́n ti wàásù Kristi lábẹ́ rẹ̀ ní 1842. Igi náà wó ní 1959. Àwọn tó jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀, tó lè sọ bí ẹ̀ka rẹ̀ ṣe tẹ̀ sí ọ̀nà òkun tàbí sí ọ̀nà ìlú, mélòó ló kù?

Ṣé òótọ́ ni pé Mùsùlùmí wà lára àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì?

Òótọ́ ni, ìtàn náà sì dùn.

Ní 1947, àwọn fádà Àgùdà òyìnbó méjì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Dípò kí wọ́n máa ra ère láti òkè òkun, wọ́n ní kí àwọn agbẹ́gilére, ahunṣọ àti onílẹ̀kẹ̀ wa fi ọwọ́ tiwọn ṣe iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. George Bándélé wà níbẹ̀, ọmọ Àrẹ̀ògún ará Ọ̀sì, tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò Èkìtì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ ìdílé agbẹ́gi ní Ìlá Ọ̀ràngún. Mùsùlùmí ni Lámídì. Ó kọ́ṣẹ́, ó gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbẹ́ ti ààfin ọba, ó sì wá di olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀ kó tó kú ní 2009. Ibi iṣẹ́ Ọ̀yẹ́ fúnra rẹ̀ kò pẹ́. 1954 ni wọ́n tì í.

Ẹni tó bá rí iṣẹ́ wọn á mọ̀ ọ́n. Nínú ìtàn ìbí Jésù tí Bándélé gbẹ́, àwọn ọba tó wá kí ọmọ jòjòló dé adé ìlẹ̀kẹ̀ bí ọba Èkìtì.

Báwo la ṣe ń kọ irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? A ó ka ojú àwòrán tó wà lára rẹ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè lápá òsì, ká máa lọ sápá ọ̀tún, ká sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni ń kàwé. Ojú kìn-ín-ní: èèyàn mélòó? Kí ni wọ́n wọ̀? Kí ni wọ́n mú lọ́wọ́? Ẹni tó dọ̀bálẹ̀, ta ló ń dọ̀bálẹ̀ fún? Ọ̀pọ̀ ló ń kọsẹ̀ níbí. Wọ́n á sáré kọ “Ọba mẹ́ta láti ìlà-oòrùn”, kí wọ́n sì máa lọ. Ẹ kọ ohun tí ojú rí ná: “ọkùnrin mẹ́ta, adé ìlẹ̀kẹ̀ lórí, ìyá kan gbé ọmọ lẹ́sẹ̀.” Orúkọ ìtàn lè tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa pé a pe ẹnì kan ní Pọ́ọ̀lù nítorí irùngbọ̀n, ìyá àgbà kan tó ń gbálẹ̀ ló ní, “Ẹ wo kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Pétérù nìyẹn.”

Àwọn kan á ní ère ni ère ń jẹ́, kò sí ohun tó ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀ṣì. A kì í bá wọn jà. A kàn ń bẹ̀ wọ́n pé tí wọn kò bá fẹ́ ẹ mọ́, kí wọ́n pè wá kí wọ́n tó gbé e sí ẹ̀yìn ilé, nítorí ikán kì í bi èèyàn ní ẹ̀sìn kó tó jẹ igi.

Tí ẹ bá fẹ́ rí èyí tó wà ní gbangba, ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì Chapel of the Resurrection ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ère Kristi tó jíǹde tó wà níbẹ̀, Ben Enwonwu ló gbẹ́ ẹ. Ẹ jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó mú pẹ́ńsùlù.

Mi ò kàwé nípa iṣẹ́ ọnà. Ṣé mo wúlò?

Ẹ wúlò ju ẹni tó kàwé lọ nígbà mìíràn. Káfíńtà ló máa wo abẹ́ àga tó máa ní wọn kò fi ìṣó kan ìsopọ̀ yìí, igi ni wọ́n fi há a. Ìyá aláṣọ òkè ló mọ sányán yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi òwú ìgbàlódé hun. Alágbẹ̀dẹ máa fi èékánná ta agogo, á sì sọ fún yín bóyá ó ti sán. Ẹni tó bá kàn lè kọ̀wé kó ṣeé kà, tó sì ní sùúrù, ó ti tó.

Irinṣẹ́ wo ni kí n mú wá?

Pẹ́ńsùlù, kì í ṣe báírò. Báírò kan ṣoṣo tó bá já bọ́ sórí aṣọ pẹpẹ ti bà á jẹ́. Téèpù aránṣọ, nítorí téèpù onírin ń ha nǹkan lára. Tọ́ọ̀ṣì, fóònù tó ń ya fọ́tò dáadáa, aṣọ funfun kan láti tẹ́ sábẹ́ ohun tí a fẹ́ yà, ìbọ̀wọ́ nitrile (kì í ṣe ti rọ́bà) fún fàdákà, àti ìbòmú fún àjà tí àdán ń gbé. Omi mímu náà, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀ níta.

Kí ni àwọn òǹtẹ̀ kéékèèké tó wà lábẹ́ ife ń sọ?

Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ife náà ti wá, ìwé ìrìnnà rẹ̀ ni. Kìnnìún tó ń rìn túmọ̀ sí pé fàdákà gidi ni, ìdá 925 nínú 1000. Orí ẹkùn ń tọ́ka sí London, ìdákọ̀ró ọkọ̀ ojú omi ń tọ́ka sí Birmingham, adé ń tọ́ka sí Sheffield (títí di 1975). Lẹ́tà kan ṣoṣo tó dá dúró ni ọdún tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ méjì ni ẹni tó ṣe é. Ẹ ya fọ́tò òǹtẹ̀ náà súnmọ́ tòsí, kí tọ́ọ̀ṣì wá láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti iwájú. Òjìji ló ń jẹ́ kí fínfín hàn.

Bí ẹ bá rí EPNS, fàdákà tí wọ́n fi bora lásán ni, irin mìíràn wà nínú. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ìjọ abúlé tó fi owó kòkó ra ife EPNS ní ìtàn tó wúwo ju ti ẹni tí wọ́n kó fàdákà gidi fún lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣé ká kọ́kọ́ fi Brasso nù wọ́n kí ẹ tó dé?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ má tilẹ̀ rò ó.

A mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń ti ìyá ìjọ dé ìdí Brasso. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń fi ṣe é, tọkàntọkàn, kí ilé Olúwa lè máa dán. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú idẹ dán nínú ìgò yẹn, yíyún ló ń yún un. Díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún, ó ń jẹ orúkọ tí wọ́n fín sára pátákó ìrántí, ó ń jẹ òǹtẹ̀, ó ń jẹ ojú idì títí idì á fi dà bí ẹyẹlé. Lórí EPNS, ó tún burú jù: fàdákà tó bo ara rẹ̀ tín-ín-rín ni, ó máa nù ún kúrò títí àwọ̀ irin tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó rí yẹ́lò díẹ̀, á fi yọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń wí pé orúkọ olùfúnni kò hàn mọ́ lára àwo idẹ, ẹ bi àkísà tí ẹ fi ń nù ún.

Aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ ti tó. Bí ìdọ̀tí bá pọ̀, omi díẹ̀ lára aṣọ, kí ẹ sì nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ohun kan náà là ń bẹ̀ fún igi: ẹ má kun fáníìṣì dídán sórí àga ìwàásù tí wọ́n gbẹ́ lọ́wọ́. Fáníìṣì kì í sì í lé ikán. Wíwo ìdí àga lóṣooṣù ló ń lé e.

Ìdílé méjì ló ń jà lórí ẹni tó fún ìjọ ní agogo. Ta ni ká kọ?

Méjèèjì. “Ìdílé kan sọ pé bàbá àgbà wọn ló rà á nígbà ìkórè, ìdílé kejì sọ pé ìyá wọn ló dá owó ọkọ̀ rẹ̀ láti Èkó.” Kò sí ohun tó ní kí àwọn méjèèjì má jẹ́ òótọ́.

Kí ẹ tó jókòó ìjà, ẹ gòkè lọ wo agogo náà. Àwọn tó ń da agogo nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń kọ orúkọ ilé iṣẹ́ wọn àti ọdún sí èjìká rẹ̀. Whitechapel ní London wà lára wọn, títí wọ́n fi tì í ní 2017. John Taylor ní Loughborough ṣì ń dà á. Bí ó bá ṣòro kà, ẹ fi bébà tín-ín-rín bò ó, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù rọra kùn ún, ọ̀rọ̀ náà á yọ. Ẹ má dá gòkè, ẹ sì so ọmọ agogo mọ́lẹ̀ kí ẹ tó gbé orí sábẹ́ rẹ̀.

Ta ni ká bi nípa ìtàn?

Ẹni tó ń lu agogo. Ìyá tó ń fọ aṣọ pẹpẹ. Atẹdùùrù tó ti fẹ̀yìn tì. Àlùfáà máa ń wá, ó máa ń lọ, wọ́n ń gbé e láti ìjọ kan sí òmíràn. Àwọn wọ̀nyí ni kò kúrò.

Ẹ tètè bi wọ́n. Nínú ìlú kan tí a kò ní dárúkọ, bàbá kan wà tó ti ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ní àràárọ̀ fún nǹkan bí ogójì ọdún. Àpótí kan wà nínú yàrá ìmúra tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí tó fi ní ihò méjì lókè. A ní, “Bàbá, a ó wá jókòó tì yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” Òjò ba ọ̀nà jẹ́, a sún un síwájú. Nígbà tí a dé, pósítà wọn la bá lára ògiri. Ohun tí a kọ nípa àpótí náà rèé, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí dòní: “Àpótí igi. Ihò méjì lókè. Lílò rẹ̀ kò yé wa.”

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ṣe ìtàn ẹnu ṣáájú téèpù. Ẹ gbé ohun náà sí iwájú àgbà, kí ẹ tan fóònù láti gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì dákẹ́. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ orin, ẹ má dá wọn dúró.

Ṣé àkọsílẹ̀ yín kò ní jẹ́ kí olè mọ ohun tí a ní?

Olè ti mọ̀. Ẹ̀yin ni ẹ kò tíì mọ̀.

Bí nǹkan bá sọnù, ọlọ́pàá á bi yín pé báwo ló ṣe rí. “Ó tóbi díẹ̀, ó ń dán” kò ní gbé wọn débì kan. Ìlànà kan wà tí àwọn mùsíọ́mù, ọlọ́pàá àti kọ́sítọ́ọ̀mù lágbàáyé jọ mọ̀, Object ID ni wọ́n ń pè é, 1997 ló jáde. Ohun tí à ń kọ bá a mu. Ọlọ́pàá àgbáyé, Interpol, ní àkójọ iṣẹ́ ọnà tí wọ́n jí, ṣùgbọ́n ohun tí kò ní fọ́tò àti ìwọ̀n kò lè wúlò níbẹ̀. Nílé níbí, Òfin 77 ọdún 1979 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ohun àtijọ́ tí òfin náà dárúkọ jáde ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ mùsíọ́mù ìjọba, NCMM.

Ohun tí ẹ lè fi ran olè lọ́wọ́ ni Facebook. Ẹ má gbé fọ́tò fàdákà, orúkọ abúlé àti “ẹ wo ohun tí a bá nínú yàrá ìmúra” síta lẹ́ẹ̀kan náà. Fóònù tilẹ̀ lè kọ ibi tí ẹ wà sínú fọ́tò láìsọ fún yín. Ẹ pa ètò yẹn lórí fóònù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣé ẹ máa kó wọn lọ sí mùsíọ́mù?

Rárá. Ti ìjọ ni.

Ìjọ wa fẹ́ wó ilé àtijọ́ kọ́ tuntun. Ṣé ó ti pẹ́ jù?

Kò tíì pẹ́, bí kátápílà kò bá tíì dé. Ẹ pè wá lónìí.

Kì í ṣe pé a lòdì sí ilé tuntun. Kàtídírà Marina tí gbogbo wa fi ń yangàn, ilé mìíràn ló wà níbẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ. Ohun tó ń bí wa nínú ni ọ̀nà tí ohun àtijọ́ ń gbà jáde. Olówó kan gbé pẹpẹ mábù wá nígbà ìkórè, àtẹ́wọ́ sọ, ní Mọ́ńdè, wọ́n gbé pẹpẹ onígi lọ sí ilé kékeré tí wọ́n ń kó jẹnẹrétọ̀ sí. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ẹnì kan fi ṣe tábìlì ìdáná. Kò sí olè kankan nínú ìtàn yìí. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni à ń jù nù.

Bí ẹ bá fẹ́ wó o, ẹ ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ tó gbé ohunkóhun kúrò. Ẹ kọ ẹni tó wà lára òkúta ìrántí kọ̀ọ̀kan àti ògiri tó wà. Ẹ yọ òkúta ìpìlẹ̀ kí ẹ sì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà. Bí ilẹ̀kùn gbígbẹ́ bá wà, kí ilé tuntun ní ẹnu ọ̀nà kan tó máa gbà á. Ẹni tó ń ya pláànù kò lè mọ̀ bí ẹ kò bá sọ fún un.

Ibo ni ẹ ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà sí?

Ẹ̀dà kan fún ìjọ, ní bébà, nínú àpótí onírin. Ọ̀kan fún ọ́fíìsì dáyósíìsì tàbí olórí ẹ̀ka yín. Ọ̀kan sí ibi ìpamọ́ tó máa gbà á. Ẹ rántí pé ìwé àwọn ajíhìnrere CMS (Church Missionary Society) ní ilẹ̀ Yorùbá wà ní Ilé Ìpamọ́ Ìwé Orílẹ̀-èdè ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kà wọ́n títí dòní. Kò yẹ kí ẹ̀dà kan ṣoṣo wà nínú kọ̀ǹpútà akọ̀wé ìjọ.

Èló la máa san?

Kò sí. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fún wa ní owó ọkọ̀. Bí ìyá ìjọ bá se àmàlà, a kì í kọ̀ ọ́.

Ṣé a lè mú àwọn ọmọ wa wá?

Ẹ mú wọn wá. Ojú wọn ń ríran lábẹ́ àga, ẹ̀yìn sì ń dun àwa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan wọ abẹ́ àga ẹgbẹ́ akọrin pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ síta. Àwọn ọmọ akọrin àtijọ́ ló fi ọ̀bẹ há orúkọ wọn síbẹ̀ nígbà tí ìwàásù gùn. Orúkọ mọ́kànlá, ọjọ́ méjì, àti àwòrán ewúrẹ́ kan. Nígbà tó ka ìkẹfà, wọ́dìn àgbà, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní kó tún un kà. A kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, títí kan ewúrẹ́ náà.